Tépù Káfíńtà Kì Í Kan Ọmọ

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Àpápá, lẹ́yìn Wharf Road. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀rọ kan dé fún wa láti òkè òkun. Ràútà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó bá a wá, ṣùgbọ́n Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Tábìlì irin fífẹ̀ kan ni, a ó tẹ́ pákó sórí rẹ̀. Irin kan dábùú òkè tábìlì náà bí afárá, ọ̀bẹ kékeré kan tó ń yí bí òòyì sì wà lára afárá yẹn. Nọ́ńbà ni a ń tẹ̀ fún un. Nọ́ńbà kan ń sọ bí ọ̀bẹ yóò ṣe lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, èkejì ń sọ bí yóò ṣe lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀kẹta ń sọ bí yóò ṣe wọnú igi jìn tó. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà tó tọ́ yóò rí ohun tó tọ́. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà yóò gbẹ́ fún un, yóò sì gbẹ́ ẹ dáadáa.

Èmi ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀. Ìwé girama nìkan ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò, n kì í sì í yára. Ọ̀gá wa sọ pé nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, èmi nìkan ni òun rí tí ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gé e lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn wa, ti pé ọmọ ọdún méje nígbà náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tínrín ju ti ọ̀tún lọ, orúnkún ẹsẹ̀ náà kò sì lágbára. Ó ń rìn, àmọ́ yóò máa fi ọwọ́ òsì ti itan rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Káàdì àjẹsára rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìlà kẹta ṣófo. Ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kán oògùn kẹta sí i lẹ́nu, òjò rọ̀, omi dé orúnkún ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, mo sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má gbé e jáde kí òtútù má baà mú un. A ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e. Tí mo bá wà nílé, èmi ni mo ń gbé e jókòó, èmi ni mo ń gbé e dìde. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ náà yóò gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀. Mo máa ń sọ pé ó sàn kó gbàgbé ju kó ṣubú lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ wa jù wà ní Olódì-Àpápá. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kò tó, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n wọlé, mo mú ọmọ lọ bá ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin kan tó máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́," ó wí fún mi. "Ọmọ márùndínlọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì yẹn, tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn. Kò ní í ráyè máa gbé ẹnikẹ́ni dìde. Ṣé ó lè dá dìde?"

"Yóò dìde, mà."

"Mi ò bi yín bóyá yóò dìde. Mo ní ṣé ó lè dá a ṣe."

Mo wo ọmọ náà bí ẹni pé òun ló yẹ kó dáhùn. Òun náà ń wò mí.

"Ó dáa," obìnrin náà wí. "Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè tí a bá wọlé, pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀. Tí tíṣà bá wọlé tí àwọn ọmọ bá dìde kí i, tóun náà bá dìde, ó ti di ọmọ ilé ìwé wa. Tí kò bá dìde, ẹ jẹ́ kó tún lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín."

Ọdún tó ṣáájú, ohun kan náà ni wọ́n ti sọ fún wa. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá tún sọ ọ́ ní ọdún yìí, n kò ní í padà lọ mọ́. N kò sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀, nítorí apá kan nínú mi kò kọ̀ kó wà nílé.

Mo bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ó sì gbà kí n fi àjẹkù pláíwúùdù ṣe àpótí ìjókòó kan ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nínú yàrá méjì tí a háyà. Ìyàwó mi ń tajà, èmi ń lọ sí Àpápá láti aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí náà ìyá mi ló ń wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá fún mi láṣẹ, mo yọ tépù mi jáde, mo ní kí ọmọ wá dúró.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ìyá mi bi mí.

"Mo fẹ́ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ ju nọ́ńbà lọ."

"Tépù ta ni?"

"Tépù ibi iṣẹ́ ni."

"Tépù káfíńtà. Dá a padà sápò."

Káfíńtà ni bàbá tó bí ìyá mi. Ó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń kan pósí. Nínú agbo ilé wọn, igi nìkan ni ohun tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan gbọ́dọ̀ kàn. Ènìyàn kan ṣoṣo tó lè kàn ni ẹni tó ti kú. Wọn kì í fi ṣeré, àwọn ọmọdé ibẹ̀ kì í fọwọ́ kan rúlà bàbá àgbà rárá. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, n kò kà á sí. Ọmọ ìjọ ni mí.

"Màmá, gbogbo Kérésì ni télọ̀ ń fi tépù wọ̀n yín."

"Télọ̀ ń rán aṣọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ á tún bọ́ ọ. Èwo nínú nǹkan tí káfíńtà ń wọn èèyàn fún ni onítọ̀hún ti ń jáde?"

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. "Bàbá, ẹ wọn bàtà mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "O ò rí i? Ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé gbọ́n ju onígirama lọ."

Mo dá tépù padà sápò. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá mi lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ọmọ sì sùn lọ́sàn-án lórí ẹní. Mo wọ̀n ọ́n. Láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ́ mílímítà 286, ti òsì jẹ́ 271. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà kò yí padà. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé n kò jẹ́ kí irin tépù náà kàn án lára. Mo ń gbé e sókè díẹ̀ sí awọ ara rẹ̀, bí ìbú èékánná kan. N kò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Mo mú 271. Mo rò ó pé tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá tẹ̀lẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní í yọ̀, kò ní í ṣubú. Gbogbo ìrònú mi kò kọjá kó má ṣubú.

Àpótí tí mo yà sínú ìwé jẹ́ ègé mẹ́rin: ìjókòó kan, ẹ̀gbẹ́ méjì tí yóò dúró bí ẹsẹ̀, àti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò ní ìṣó. Etí ègé kan ni yóò wọ inú ihò èkejì, gọ́ọ̀mù yóò sì dì wọ́n mú. Pláíwúùdù tí wọ́n ń pè ní mílímítà méjìdínlógún kì í jẹ́ méjìdínlógún. Mo wọn etí eléyìí ní ibi márùn-ún, mo sì rí mílímítà mẹ́tàdínlógún àti ìdajì. Ẹni tó bá gbé ihò rẹ̀ ka orúkọ tí wọ́n ń pe pákó, àpótí rẹ̀ yóò máa mì.

Ní Sátidé, mo fi irin di pákó mọ́lẹ̀, mo tẹ àwọn nọ́ńbà náà, mo kà wọ́n padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo sì tan ẹ̀rọ. Ariwo rẹ̀ ga, eruku igi ń fò. N kò jẹ́ kó gé àwọn ègé náà já tán. Mo fi ìdè tóóró mẹ́ta mẹ́ta sílẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ègé tó bá ti já yóò mì lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì lè ta bá èèyàn lójú. Ọ̀bẹ náà rí roboto, nítorí náà igun inú ihò kò lè mú, yóò ká ni. Ṣísẹ̀lì ni mo fi gbẹ́ gbogbo igun náà kó mú, kí etí pákó lè wọlé dénú. Mo fi sanpépà ra gbogbo etí títí tí mo fi lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lọ gbá a bọ̀ láìsí ẹ̀ẹ́rún. Mo gbé àpótí náà sórí tábìlì irin, mo tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò mì rárá.

Máígáàdì wo ìwé àṣẹ mi ní géètì, ó wo àpótí.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ṣé àpótí ni gbogbo ariwo tí ẹ̀rọ yẹn ń pa látọ̀sán?"

"Àpótí ni."

"Bàbá kan ń bẹ ní Boundary tó ń fi àdá gbẹ́ ẹ. Kì í pariwo."

Nígbà tí mo délé, ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ti máa ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé àpótí sílẹ̀ nínú yàrá, mo gbé ọmọ jókòó lé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lẹ̀ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀. Mo ní kó dìde.

Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ wá ibi tí yóò dì mú, kò rí i. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ìdí rẹ̀ gbéra díẹ̀, orúnkún òsì yẹ̀, ó sì wó sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti mú un kó tó kanlẹ̀. Kò sunkún.

"Ó jìn, Bàbá," ó sọ.

Ìyá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpótí, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó wo èmi.

"Àpótí yìí bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́," ó wí. "Níbo lo ti rí ìwọ̀n?"

N kò purọ́ fún ìyá mi rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo sọ fún un. Mo sọ ọjọ́ tí ó jẹ́, mo sọ nọ́ńbà méjèèjì, mo sì sọ pé tépù náà kò kàn án lára.

Kò bá mi jà. Ó gbé àpótí náà, ó gbọn ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wá kòkòrò, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó lé e. Orúnkún rẹ̀ sún mọ́ àyà rẹ̀.

"Ó gbà mí, àbí kò gbà mí?"

"Ó gbà yín, Màmá, ṣùgbọ́n ó kúrú fún yín."

"Ó gbà mí. Tèmi ni. Tí ìwọ̀n yìí bá fẹ́ bá ẹnì kan lọ, èmi ni àgbà ilé, èmi ni kó bá lọ. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ jókòó lé e mọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò jókòó sórí ohun mìíràn nínú yàrá yẹn. Ọdún mẹ́jọ ló lò lé e lórí kó tó kú, àgbà ló sì gbé e lọ, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí pé èmi náà ń ka ọdún wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń kọjá, èmi tí n kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Nígbà tí ó jókòó tán ní ọjọ́ náà, ó ké sí ọmọ pé, "Lọ sí ibi ẹ̀wà wa, lọ jókòó. Ìwọ bàbá rẹ̀, dúró síbí, kó o máa wò láti ojú fèrèsé. Má bọ́ síta."

Ibi ẹ̀wà wọn jẹ́ pákó kan tí a gbé lé búlọ́ọ̀kù àti ègé bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì wò ó. Ọmọ náà rìn débẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó jókòó sétí pákó, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ìyá mi ní kó dìde. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé sábẹ́ ara rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ orí pákó níbi tí búlọ́ọ̀kù wà, ó sì dìde. Ó dúró, ó gbá eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó tún jókòó, ó tún dìde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

"Láti ìgbà wo?" mo béèrè.

"Láti ọdún tó kọjá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo fi í sílẹ̀ tí ì bá fi ṣe é lójú rẹ? Bó o bá ti wọlé báyìí, ó ti di ẹrù." Ó tọ́ka sí àpò mi. "Ó yá, yọ tépù rẹ. Lọ wọn pákó. Pákó ò ní ọjọ́ ikú."

Mo jáde lọ wọn pákó. Láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀, ní ibi tí ó ń jókòó gan-an, jẹ́ mílímítà 344. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà kò tẹ́jú, nítorí náà mo wọn apá kejì pẹ̀lú, ó jẹ́ 351. Mo mú 344. Láti ibi ìdí rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ òsì ti ń tẹ pákó jẹ́ 190. Mo rí i pé orí búlọ́ọ̀kù ni ọwọ́ náà ń wà nígbà gbogbo, kì í bọ́ sí ibi tí pákó yọ sí ìta, nítorí ibẹ̀ yóò gbé pákó dìde lódìkejì. Ọmọ ọdún méje ló ti wá ìyẹn rí fúnra rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. N kò wọn ọmọ.

Ní Sátidé kejì, mo ṣe òmíràn. Ìjókòó rẹ̀ gùn sí apá òsì, ẹ̀gbẹ́ òsì sì dúró tààrà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ yóò ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbẹ́ ihò gbọọrọ kan sí etí ìjókòó níbẹ̀, kí ìka rẹ̀ lè wọlé. Ẹ̀rọ náà gbẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kò rẹwà bíi ti àkọ́kọ́, ó rí bí ohun tí apá kan rẹ̀ wúwo. Máígáàdì wò ó, ó ní, "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, eléyìí wọ́," mo sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gba àyè níbi iṣẹ́ di aago mẹ́sàn-án. Mo gbé àpótí, ọmọ rìn. Ibi tí n bá ti gbé e, n kò gbé e. Ọ̀gá àgbà fi kíláàsì hàn wá, ó ní èmi kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ fúnra rẹ̀ fa àpótí rẹ̀ kọjá láàárín àwọn tó kù, ó gbé apá tó gùn sí òsì, ó jókòó. Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo àpótí náà, ó ní, "Ta ló jẹ ẹ̀gbẹ́ tìẹ kan?" Ọmọ mi ní, "Bàbá mi ló ṣe é. Ó ní ihò." Ọmọkùnrin náà ti ìka rẹ̀ bọ inú ihò.

Mo dúró sẹ́bàá fèrèsé, ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn mi. Tíṣà wọlé. Gbogbo ọmọ dìde, àpótí àti àga ń pariwo lórí sìmẹ́ńtì. Tèmi kò tíì dìde. Mo rí i tó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ọwọ́ mi ti wà lórí pákó fèrèsé. Àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí tíṣà nígbà tí orí rẹ̀ yọ láàárín wọn. Ó bá wọn sọ ìdajì tó kù nínú ìkíni náà. Òun ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Tíṣà ní kí wọ́n jókòó.

"Ó ti wọlé," ọ̀gá àgbà sọ lẹ́yìn mi. "Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, Bàbá."

N kò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dúró títí ìdìde rẹ̀ fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin: nígbà ìkíni yẹn, nígbà tí wọ́n gbàdúrà, nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, àti nígbà tí àlejò kan wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi wà lórí àpótí 271 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé ó dìde?"

"Ó dìde, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí n tó kúrò níbẹ̀."

"O kà á."

"Mo kà á."

Ó ní ẹ̀wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná, kí òun lọ wò ó. Àpótí náà kúrú, ó sì ṣòro fún un láti dìde. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dúró díẹ̀ ní àárín méjì, ó ń mí. Mo ti na ọwọ́ mi.

"Dúró ná," ó wí.

Mo fa ọwọ́ mi padà, mo dúró, mo ń wò ó títí ó fi dìde.